Òpó Àfàgùn fún Wáyà Ẹ́ríà Rédíò

Ní ọdún 1901, Guglielmo Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí iṣẹ́ rédíò, pinnu pé ìró aláìlókùn gbọ́dọ̀ la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ní Poldhu, ní etí òkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé 20 òpó nàró yípo bí ọgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bí 61 mítà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjì dé, ó sì wó wọn lulẹ̀. Irú rẹ̀ tí wọ́n gbé ró sí Cape Cod ní Amẹ́ríkà náà kò rí ìparí ọdún. Oṣù kọkànlá ni afẹ́fẹ́ gbé e ṣubú. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, tí Marconi wà lórí Signal Hill ní ìlú St. John's, ní Newfoundland, kò ní òpó gíga kankan níbẹ̀. Káìtì, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fi okùn fò, ni ó fi gbé wáyà rẹ̀ tí ó gùn tó 150 mítà sókè nínú ẹ̀fúùfù, ó sì sọ pé òun gbọ́ ìró kúkúrú mẹ́ta láti Poldhu. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí ni pé òpó ni ó dá a lágara ní ọdún náà, kì í ṣe rédíò.

Láti ìgbà náà wá, ohun púpọ̀ ti yí padà. Rédíò tí ó lè mú ohùn ènìyàn dé òdìkejì ayé kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ mọ́, bátìrì tí yóò sì gbé e ṣiṣẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan lè wọ inú àpò ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò kò dínkù. Ìgbì tí ó gùn ní 42 mítà ní ayé Marconi, 42 mítà náà ni ó gùn lónìí. Wáyà tí yóò rán an lọ gbọ́dọ̀ gùn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òpó kò fi tíì tán láàárín àwọn onírédíò àfipawọ́, àwọn tí òyìnbó ń pè ní ham. Àwọn wọ̀nyí ni ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ àti orúkọ ìpè, èyí tí í máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń fi rédíò tara wọn bá ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò kúrò nílé nínú wọn kò ní ìṣòro púpọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó ti fi ọparun gbé ẹ́ríà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọparun náà sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìṣàròyé. Ẹni tí ibùdó rẹ̀ kò bá yí padà, ọparun tó o. Kò sí ìdí tí yóò fi náwó sórí òpó tí a ti òkè òkun kó wá. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí kiri ni ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni ó nílò òpó àfàgùn, èyí tí ó jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀pá oníhò tí ọ̀kan wọnú èkejì, tí a lè fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lórí rédíò kékeré, tí a sì tún lè tì padà sínú ara wọn nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Àpẹẹrẹ tí ó yéni jù ni ti àwọn tí ń gbé rédíò gun òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2002 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Summits on the Air bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales, láti inú èrò John Linford, onírédíò tí orúkọ ìpè rẹ̀ ń jẹ́ G3WGV. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Òfin ètò yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á ka òkè kan mọ́ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láti inú ọkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀; òun àti àwọn tí ó bá a lọ ni yóò fi ara wọn ru gbogbo ẹrù gòkè. Kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ amúnáwá tí ń jẹ epo, kò sì gbọdọ̀ fi ju 25 mítà lọ rẹlẹ̀ sí ṣónṣó òkè náà. Kí ó tó gba máàkì, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ bá ẹni mẹ́rin sọ̀rọ̀ láti orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí Scafell Pike, òkè tí ó ga jù ní England, 978 mítà. Ó ti rìn fún wákàtí bíi mélòó kan kí ó tó débẹ̀. Ohun tí ó bá lókè ni òkúta lórí òkúta, ìkùukùu, àti afẹ́fẹ́. Kò sí igi kan tí ó lè ju okùn sí lẹ́ka. Bí òpó rẹ̀ bá ṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tí kò lè gbé wáyà rẹ̀ nàró, ìrìn ọjọ́ náà di asán. Èyí tí ó burú ju máàkì lọ ni pé ní ọ̀pọ̀ àfonífojì àárín òkè, tẹlifóònù alágbèéká kì í ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá dá lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, rédíò yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a ó fi ké sí ayé.

Ibo wá ni kí ẹni tí ó fẹ́ ra òpó ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ ra òpó, tí ó wá ń wá wáyà tí yóò so mọ́ ọn kiri. Ẹ̀yìn ni irú wọn ti mú àdá. Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: wáyà ni eku, òpó ni ìtẹ́. Ẹ́ríà wáyà tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ó gùn tó ìdajì ìgbì, tí a gé sí méjì ní àárín, tí kéébù rédíò sì so mọ́ ojú ibi tí a gé e. Kò ṣòro láti mọ gígùn rẹ̀. Kí ènìyàn mú 143, kí ó fi iye mẹ́gáháàsì tí yóò lò pín in, ìdáhùn rẹ̀ ni gígùn wáyà náà ní mítà. Ní 14.2 mẹ́gáháàsì, wáyà náà gùn tó 10 mítà, ní 7.1, ó gùn tó 20 mítà, ní 3.6, ó súnmọ́ 40 mítà.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Bí a bá fẹ́ kí ohùn lọ jìnnà rere, tí ó fi lè ti England dé Amẹ́ríkà, ó dára kí wáyà tí a nà gbalaja fi ìdajì ìgbì ga kúrò nílẹ̀. Ní 14 mẹ́gáháàsì, èyí jẹ́ nǹkan bí 10.5 mítà, òpó àfàgùn kan tí ó dára sì lè súnmọ́ ọn. Ní 7 mẹ́gáháàsì, ó di 21 mítà, kò sì sí ẹni tí yóò ru irú òpó bẹ́ẹ̀ gun òkè. Ibi yìí ni àwọn kan ti ń rò pé àwọn ti pàdánù, tí wọ́n sì ń na owó lórí òpó tí ó ga jùlọ ní ọjà. Wọn kò ro ó dé ibi tí ó yẹ.

Bí wáyà bá súnmọ́ ilẹ̀ ju ìdámẹ́rin ìgbì lọ, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ a máa lọ tààrà sókè. Àwọ̀ sánmà tí ń dá ìgbì padà yóò sì dá a padà sílẹ̀ sí àyíká ibẹ̀, dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Fún ẹni tí ó fẹ́ bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, òfò ni èyí. Fún ẹni tí ó fẹ́ bá ìlú kejì sọ̀rọ̀, èrè ńlá ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle Maria kọlu erékùṣù Puerto Rico. Iná kú káàkiri erékùṣù náà, tẹlifóònù dákẹ́, ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà sì ké sí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn onírédíò àfipawọ́ ilẹ̀ náà, pé kí wọ́n rán ènìyàn lọ ṣèrànwọ́. Erékùṣù yìí kò gùn tó 200 kìlómítà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òkè sì wà láàárín rẹ̀ gbọọrọ. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà 7 mẹ́gáháàsì tí ó wà lórí òpó 5 mítà, bí ojú sánmà bá gbà, yóò gbé ohùn láti ìlú kan dé èkejì ju èyí tí a gbé lọ sí 20 mítà, tí ohùn rẹ̀ yóò fò kọjá lórí àwọn tí ń dúró dè é. Nítorí náà, kí ènìyàn tó béèrè bí òpó ṣe ga tó, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó fẹ́ kí ó gbọ́ òun.

Nígbà tí ó bá ti mọ èyí, kí ó tó lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni ìyàlẹ́nu mìíràn wà. Òǹtajà kọ ọ́ sára òpó pé 10 mítà ni. Kò parọ́, bí a bá fà á yọ tán, 10 mítà náà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ó kẹ́yìn lókè pátápátá kò nípọn ju ìgbálẹ̀ lọ, èyí tí ó tẹ̀lé e kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú. Bí a bá so ohun tí ó wúwo mọ́ ṣóńṣó náà, yóò tẹrí bá bí ẹni tí ń kí ọba. Àwọn tí ó ti ṣe é pẹ́ a máa yọ ọ̀pá kan tàbí méjì tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù sílẹ̀, tàbí kí wọ́n so wáyà ní mítà kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀ ṣóńṣó. Òpó 10 mítà wá di 8 mítà lójú iṣẹ́. Ẹni tí ó bá nílò 10 mítà gan-an, òpó 12 mítà ni kí ó wò.

Kí ni ó ń wúwo lórí òpó? Ọ̀pọ̀ rò pé wáyà ni, kì í sì í ṣe òun. Ogún mítà wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mílímítà alápá mẹ́rin, kò wúwo ju nǹkan bí 90 gíráàmù lọ bí a kò bá ka rọ́bà ara rẹ̀. Kéébù tí ó ti àárín wáyà náà sọ̀kalẹ̀ wá sínú rédíò ni ẹrù. Kéébù RG-58, tí ó nípọn tó mílímítà 5, a máa wọn ju 35 gíráàmù lọ ní mítà kan. 8 mítà rẹ̀ súnmọ́ 300 gíráàmù, gbogbo rẹ̀ yóò sì rọ̀ mọ́ ibi tí òpó ti lẹ jù. Kéébù RG-174, tí kò nípọn tó mílímítà 3, kò wúwo tó ìdajì èyí, 8 mítà rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Òótọ́ ni pé kéébù tẹ́ẹ́rẹ́ a máa jẹ nínú agbára rédíò ju èyí tí ó nípọn lọ, ṣùgbọ́n ní 8 mítà, ní 7 tàbí 14 mẹ́gáháàsì, ohun tí ó ń jẹ kò tó ohun tí a ń pàdánù bí òpó bá tẹ̀ kọrọdọ. Ọ̀nà kan tún wà: kí a mú wáyà kan ṣoṣo, kí a nà án gun ara òpó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí rédíò sì so mọ́ ọn ní ìsàlẹ̀. Nígbà náà, kò sí kéébù lókè rárá, òpó tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an yóò sì gbé e.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ṣe òpó kò nílò àríyànjiyàn gígùn. Ẹ̀ka iṣẹ́ ẹja pípa ni àwọn onírédíò ti kọ́kọ́ rí púpọ̀ nínú òpó fífúyẹ́ wọ̀nyí. Ọ̀pá ìpẹja gígùn ni wọ́n, tí a yọ okùn ìwọ̀ kúrò lórí rẹ̀, tí a so wáyà dípò rẹ̀. Nínú àwọn ọ̀pá ìpẹja náà, irú méjì ni ó wà. Èkínní ni ti fáíbà-gíláàsì, okùn gíláàsì wẹ́wẹ́ tí a fi oje lẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Kì í gbé iná, ìgbì rédíò sì ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èkejì ni ti kábọ̀nù, tí ó fúyẹ́ jù ú, tí ó le jù ú, tí ó sì wọ́n jù ú. Ọ̀pọ̀ ti rà á nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kábọ̀nù ń gbé iná. Bí a bá na wáyà sí ara rẹ̀, òpó náà yóò máa bá wáyà jẹ nínú àwo kan. Ẹ́ríà kò ní ṣiṣẹ́ bí a ti ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra ti kábọ̀nù kò ní láti jù ú nù, nítorí wáyà tí àárín rẹ̀ nìkan kan òpó lè fara dà á. Ti wáyà tí ó gun ara òpó ni kò ṣeé gbà. Alumíníọ́mù àti irin náà ń gbé iná, wọ́n sì wúwo. Ipò tí ó yẹ wọ́n ni ibi tí ọkọ̀ dé, bíi Field Day tí àwọn onírédíò Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọdún 1933, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń pa àgọ́ pọ̀. Ibẹ̀ ni a ti lè fi táyà ọkọ̀ tẹ pátákó irin tí ìdí òpó dúró lé lórí, kí òpó sì wúwo bí ó bá ti fẹ́. Fún ẹni tí ń rìn, fáíbà ni.

Gígùn òpó nígbà tí ó bá ká náà ṣe pàtàkì, àwọn tí kì í rìn jìnnà kì í sì í ro èyí. Òpó 12 mítà tí ó lágbára lè ká sí nǹkan bí 1.2 mítà, kí ó sì wọn ju 3 kílò lọ. Bí a bá dè é mọ́ àpò ẹ̀yìn, orí rẹ̀ yóò yọ sókè ju orí ẹni tí ó rù ú lọ, yóò máa kọ́ ẹ̀ka igi, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń fẹ́ lórí òkè tóóró, yóò máa ti onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́. Òpó 6 mítà wà tí ó ká sí nǹkan bí 60 sẹ̀ntímítà, tí ó wọ inú àpò ẹ̀yìn tàbí àpótí aṣọ tí a ń gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí ẹni tí ó rà á fi san án ni pé bí òpó bá ṣe ń ká kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé rẹ̀ ń pọ̀ sí i, oríkèé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí ó ti lè yọ̀. Fún 7 mẹ́gáháàsì, nínú ọ̀rọ̀ sísọ láàárín ilẹ̀ kan, òpó 6 mítà yìí tó, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tijú rẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ rántí Poldhu. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti òpó di ìlọ́po mẹ́rin. Òpó tí ó dúró jẹ́jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ 20 kìlómítà ní wákàtí kan kò ṣe ìlérí kankan fún 40. Okùn àmúdúró mẹ́ta ni ó ń mú un dúró, tí a dè mọ́ ọn ní ibi ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ sí ìdajì, tí a sì nà sí ọ̀nà mẹ́ta tí àlàfo wọn dọ́gba. Okùn lásán ni kí ó jẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ wáyà. Àwọn kan ń gbẹ́kẹ̀ lé apá méjèèjì wáyà ẹ́ríà pé yóò ṣe iṣẹ́ okùn. Ó lè ṣe é, bí a kò bá nà wọ́n lójú ìlà kan ṣoṣo. Nítorí bí wọ́n bá wà ní ọ̀tún àti òsì nìkan, kí ni yóò dá òpó dúró bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá? Kí a fà wọ́n síwájú díẹ̀, kí a sì fi okùn kẹta sí ẹ̀yìn. Ilẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lórí Scafell Pike, èèkàn kò lè wọlẹ̀ nínú òkúta, òkúta ńlá ni a ó de okùn mọ́. Lórí Kinder Scout, tí ó ga ní 636 mítà ní àárín ilẹ̀ England, ẹrẹ̀ dúdú rírọ̀ ni ilẹ̀ náà, èèkàn kúkúrú yóò wọlé wẹ́rẹ́, yóò sì jáde wẹ́rẹ́. Èèkàn gígùn ni kí ènìyàn mú lọ síbẹ̀.

Nígbà tí a bá wá dúró níwájú òǹtajà, gbogbo òpó náà yóò jọ ara wọn, dúdú ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń dán. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kí olùrà ní kí òǹtajà ṣí ìdérí ìdí òpó, kí ó fa àwọn ọ̀pá náà jáde, kí ó sì wo ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pá kan ti wọnú èkejì ni kí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìka: bí ara rẹ̀ bá tinrin tí ó ń rọ̀ bí páálí, kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó wò bóyá wọ́n fi okùn fáíbà kún ẹnu ọ̀pá náà kí ó má baà là. Kí ó fà wọ́n yọ, kí ó lọ́ wọn díẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú, kí ó gbé òpó náà dúró lórí ìdí rẹ̀, kí ó sì gbọ̀n ọ́n. Èyí tí ó bá yọ̀ wọlé níwájú ṣọ́ọ̀bù yóò yọ̀ wọlé lórí òkè. Kí ó sì béèrè bóyá wọ́n ń ta ọ̀pá ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣẹ́. Ẹni tí ó bá rí èyí rà kò ní láti ra odidi òpó mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí lára òpó, tí ó sì ju gbogbo èyí lọ. Wáyà iná ẹlẹ́tíríìkì pa àwọn tí wọ́n gbé òpó àti ẹ́ríà ró nítòsí rẹ̀, ní ilẹ̀ òyìnbó àti ní ibòmíràn. Kò dìgbà tí òpó bá kan án kí ewu tó dé. Wáyà ẹ́ríà tí afẹ́fẹ́ gbé lọ kàn án tó. Nítorí náà, kí ibi tí a ó gbé òpó sí jìnnà sí wáyà iná ní ìlọ́po méjì gíga òpó náà, ó kéré tán, kí ó tún jìnnà sí i bí wáyà ẹ́ríà bá gùn ju òpó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé fáíbà kì í gbé iná: fáíbà tí òjò ti rin, tí ìdọ̀tí sì lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀mí gbẹ́kẹ̀ lé, wáyà bàbà tí ó wà lára rẹ̀ kò sì yí padà. Ìpẹ̀kun wáyà ẹ́ríà náà ní ewu kékeré tirẹ̀. Nígbà tí rédíò bá ń rán ohùn jáde, ibẹ̀ ni agbára iná ti ń ga jù, ó sì lè jó ọwọ́ ọmọdé tí ó bá dì í mú. Kí ó ga ju orí ènìyàn lọ, bíi mítà 2.5. Lórí òpó tí ó gbé wáyà 7 mẹ́gáháàsì dé 8 mítà, èyí yóò gba nǹkan bí mítà 17 ilẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí a sì wo ilẹ̀ náà kí a tó fa òpó yọ.

Àrá ni ó kù. Ṣónṣó òkè ni mànàmáná ń wá, ẹni tí ó sì gbé òpó 10 mítà ró síbẹ̀ ti fi kún gíga òkè náà fún un. Bí ènìyàn bá gbọ́ àrá, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó, kí ó yọ rédíò kúrò lára wáyà, kí ó sì sọ òpó kalẹ̀, bí ààyè bá wà. Bí kò bá sí, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó sì sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè. Ìdí pàtàkì nìyí tí òpó ẹni tí ń dá rìn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òun nìkan lè gbé ró, tí òun nìkan sì lè sọ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti gbé e ró, ọ̀pá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lókè ni a ń kọ́kọ́ fà yọ. Láti sọ ọ́ kalẹ̀, oríkèé tí ó súnmọ́ ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ́ tú, kí ìyókù lè máa wọnú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ́ oríkèé le jù nígbà tí ó ń gbé e ró ni ìka rẹ̀ yóò kọ̀ fún un nígbà tí àrá bá ń sán, tí otútù sì ti mú un. Kí ó ṣe èyí wò nílé, ní ọ̀sán gangan, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Bí òjò bá sì ti pa òpó náà, tàbí tí iyanrìn wọ̀ ọ́, kí ó ṣí ìdérí ìdí rẹ̀ nígbà tí ó bá délé, kí ó fa gbogbo ọ̀pá jáde, kí ó fi aṣọ tí ó mọ́ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò wọ́n sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kúrò lójú oòrùn, di ọjọ́ kejì.